Rédíò Tí Wọ́n Wẹsẹ̀ Fún

Háà! Wándé, má fojú yẹn wò mí o, èmi kọ́ ni mo da omi sí i lára! Omi ni, bẹ́ẹ̀ ni, omi odò tó mọ́ gaara. O ní báwo lomi ṣe dénú rédíò tí a rà lánàá? Ìwọ ṣáà máa tú u lọ, má dáwọ́ dúró, bí o bá ṣe ń tú u ni kí o máa gbọ́, nítorí bí aago mẹ́rin bá lù tí nǹkan yìí ò tíì fọhùn, wàláhì, èmi àti Bàbá Mùjíbátù ò ní jọ gbénú ilé kan náà mọ́.

Kí ló wà ní aago mẹ́rin kẹ̀? Wándé! Ṣé ìwọ nìkan ni ò tíì gbọ́ ní gbogbo Àkánrán ni? Mùjíbátù mi ni yóò sọ̀rọ̀ nínú rédíò! Mùjíbátù tèmi, ọmọ tí wọ́n ń pè ní akólòlò, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sín jẹ lójú ọ̀nà odò, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ bèèrè iyọ̀, ọbẹ̀ á ti jiná kó tó bèèrè tán. Tíṣà Olúrẹ̀mí ló mú un láàárín gbogbo wọn, ó ní bó bá ń pààlọ́ ni ahọ́n rẹ̀ kì í dí rárá. O ní a kì í pààlọ́ lọ́sàn-án? Lọ bá ilé rédíò wí! Àárọ̀ yìí ni tíṣà kó wọn lọ sí Ìbàdàn, ọmọ yẹn dì mọ́ mi láṣọ, ó ní, “Màámi, ẹ ẹ ẹ ẹ máa gbọ́ mi o.” Mo ní màá gbọ́. Mo fi Ọlọ́hun búra fún un. Ṣé kí n wá di òpùrọ́ lójú ọmọ tí mo bí nínú mi ni?

Àfi bàbá rẹ̀! Mo ní kó lọ ra rédíò, kékeré ni mo wí o, mo ní kó wo èyí tí ohun roboto tí wọ́n ń yí lára rẹ̀ ò ní le, tí obìnrin lè fi ìka kan yí, nítorí èmi ni mo máa wà nílé, òun á ti lọ sóko. Ó ní òun ti gbọ́. Ǹjẹ́ o mọ bó ṣe rà á? Bí ẹni ń ra iṣu! Ọládòṣù tí wọ́n jọ lọ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó dé sọ́ọ̀bù, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá ó wúwo, ó ń fìka kàn án, kó kó, ó ń fetí sí i bóyá ó ti jẹrà nínú. Ẹni tó ń tajà ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká tan án kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.” Ó ní ká fi ti ohùn sílẹ̀ ná, ìdí rẹ̀ lòun ń wò. Ìdí rédíò! Ó wá yan èyí tó wúwo jù níbẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ń yí lára rẹ̀ kún ọwọ́ àgbẹ̀ bí èèkù àdá. Èmi fọwọ́ kàn án, kò mira. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi yí i bí ẹni ń fún aṣọ, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó máa mọ́ mi lọ́wọ́.

Ká sọ pé ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá gba kámú. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ orí ọparun, ó ri ọparun mọ́lẹ̀, ó tan án lójúde, ó sì sọ̀rọ̀, gbogbo ilé hó yèè! Ó yẹ kó gbé e wọlé, àbí? Ó tì o. Ẹnu ọ̀nà ló gbé e kalẹ̀ sí, ó wò mí, ó fẹ̀rín sẹ́nu, ó ní, “Ìyálé, ìyàwó rẹ rè é o. Bí mo bá ní kó sọ̀rọ̀, á sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kó dákẹ́, á dákẹ́.” Èmi ló ń bú, àbí o ò gbọ́? Mo ní ó dáa, kí ìyàwó lọ ro ọkà alẹ́ fún un.

Àwàdà ni o! Tọkọtaya ń ṣeré. Ìyá Bàṣírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn ni wọ́n wẹsẹ̀ fún gbogbo ìyàwó tó wọ agboolé yẹn, títí kan èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbọ́ “ìyàwó,” wọ́n ní kò sí ìyàwó tó máa gbẹnu ọ̀nà bàbá àwọn wọlé láìwẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rédíò, wọ́n rí ẹsẹ̀ igi mẹ́rin. Wọ́n ní, ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ tiẹ̀ tún ju tìyálé rẹ̀ lọ! Kí n tó ní ẹ dákun, igbá omi ti dé. Wọ́n wẹ tọ̀tún, wọ́n wẹ tòsì, àwọn ìyàwó ilé ń kọrin, ọkọ mi ń jó, omi ṣẹ́kù nínú igbá, Ìyá Bàṣírù ní kó má baà ṣòfò, kí ìyàwó fi bọ́jú. Yàà! Wándé, wọ́n da á sí i lójú!

Rédíò ṣe fììì, ó dákẹ́. Ọkọ mi ní ojú ló ń tì í, bí ìyàwó tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, ojú ṣì ń tì í.

Rẹ́rìn-ín dáadáa, ọmọ Leah. Ṣé èmi náà ò rẹ́rìn-ín lánàá ni? Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìgbà tí ọmọ lọ tán lẹ̀rín pá lẹ́nu mi. Kí n lọ gbọ́ ọ nínú rédíò ilé tíṣà? Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sáré dé, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé mi ò sọ fún ọ pé òun ló kó wọn lọ ni? Oòrùn kẹ̀? Bàbá Mùjíbátù ti sá a sóòrùn láti àárọ̀, lórí ẹní kan náà pẹ̀lú kòkó! Ó ń yí i lójú padà bí ó ti ń yí kòkó. Nígbà tí mo dì í láṣọ, mo gbé e rù, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní kó jókòó jẹ́jẹ́, kí òun àti Ìyá Bàṣírù jọ máa wẹsẹ̀ fún ewúrẹ́. Ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o!

Bátìrì ló kú? Ṣé ìyẹn nìkan? Fi tuntun sí i, kí lò ń wojú mi sí! Nù ún, gba etí ìró mi, fi nù ún. Yí i. Fagbára yí i, ṣebí mo sọ fún ọ pé ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n!

Hẹn! Ó fọhùn! Àlìhámúdùlíláì! Ta nìyẹn, kí ló ń wí? Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kàn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọjá lójú títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta aago kẹ̀kẹ́! Wándé, má mí.

Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ti dákẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ti há a lọ́fun, mo mọ̀ ọ́n, yóò ti dijú báyìí, yóò ti di ìkúùkù. Sọ ọ́, Mùjíbátù. Èmi nìyí, mò ń gbọ́. Sọ ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí àyà ẹ já.

“Ààlọ́ o!” Ó wí i! Wándé, o gbọ́ ọ? Gbọọrọ ló wí i, kò dúró níbì kankan! Ààlọ̀ o! Ìwọ náà dá a lóhùn, ṣé bí wọ́n ṣe ń wo apààlọ́ níran nìyẹn? Ààlọ̀!

Ta ló dáhùn lẹ́yìn fèrèsé yẹn? Ohùn ta ló ń gbọ̀n tó báyìí? Bàbá Mùjíbátù! Ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé ni? Kí lẹ wá ń fapá aṣọ nu ojú fún? Hàhàhà! Ẹ wọlé jàre, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ọmọ yín ń pààlọ́.