Ẹja Tí Mo Ń Pààrọ̀ Lẹ́yìn Ilé Jẹnẹrétọ̀

Ẹ̀yin ará Joju, ẹ bá mi fi ẹ̀rín sílẹ̀ lónìí. Èmi Nùrẹ́nì, tí mo sọ fún yín pé erin sùn mọ́jú nínú ilé jẹnẹrétọ̀ iṣẹ́ wa, tí mo sì ní ìyá ìyá mi fi eyín kan ṣoṣo jẹ odidi màlúù, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Irọ́ tí mo ti pa láyé, bí wọ́n bá kó o sínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bẹ́ kó tó dé Agbara. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó ń pa èèyàn lọ díẹ̀díẹ̀. Dandan ni kí n bì í jáde kó tó pa ẹlòmíràn.

Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tí a ti ń to rédíò. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù dé, tí dọ́là gun orí igi tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, òjé tí a fi ń jó wáyà mọ́ra nínú rédíò kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣìnúbí, ní kí a máa ra bátìrì mọ́tò tó ti kú, kí a fọ́ ọ, kí a yọ́ òjé inú rẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ ń dúró nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan, ó ń gba abẹ́ ògiri lọ sínú odò kékeré tiyín. Mo ki bàtà bọ inú omi yẹn láàárọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn. Ó dáa, mo ti sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó já.

Àwọn òyìnbó tó ni orúkọ rédíò náà máa ń wá yẹ̀ wá wò. Wọ́n á ní níbo la ti rí òjé, níbo ni omi wa ń gbà. Ọ̀gá á ní ọkọ̀ ojú omi ló gbé òjé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi máa ń mú un làágùn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀, mo ra ẹja àrọ̀ láàyè létí odò Ìju, mo jù ú sínú ọ̀gọ̀dọ̀ náà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè rẹ́rìn-ín. Ẹja fò sókè. Òyìnbó pàtẹ́wọ́, ó ní omi tí ẹja bá ń gbé, omi tó mọ́ ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti dojú ikùn sókè. Ọ̀gá pè mí: “Nùrẹ́nì, ẹja ò gbọdọ̀ tán níbẹ̀ o.”

“Ọ̀gá, wọn ò lè pẹ́ níbẹ̀.”

“Ṣáà máa pààrọ̀ wọn. Àbí o fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, kí gbogbo yín padà lọ hun òfì ní Ìsẹ́yìn?”

Wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà àti fìlà pupa, wọ́n ní èmi ni Alábòójútó Àyíká. Èmi tí ìṣirò lé kúrò ní fọ́ọ̀mù tú! Mo gbé dúrọ́ọ̀mù omi kànga sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, mo fi tápólì bò ó, ibẹ̀ ni mo ń tọ́jú ẹja sí. Láràárọ̀ ni mò ń kó òkú jáde, tí mò ń kó alààyè wọlé. Mo tilẹ̀ sọ ọ̀kan ní Máníjà, mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí Máníjà kú. Orí mi burú.

Onílé mi ni Hajarat, Ìyá Fàtímọ̀, tó ń ṣe fùfú tà. Inú odò yẹn ló ti ń rẹ pákí. Nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ mu níbẹ̀ tó kú, ó kó àwọn obìnrin àdúgbò lẹ́yìn, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ tí àwọn òyìnbó wà níbẹ̀ gan-an. Ọ̀gá ní kí wọ́n wo ẹja. Ìyá kò wo ẹja, èmi ló wò. Ó ní, “Nùrẹ́nì, ọmọ mi, bu ú mu. Tí o bá mu ún, a ó máa lọ ilé wa.”

Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi. Mo ní kí n lọ mú nǹkan ìmumi. Mo pọn omi kànga ní kọ̀rọ̀ kún kẹ́tù tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, mo dé e pa, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, mo rì í bọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ níṣojú gbogbo wọn, mo gbé e sókè, mo mu ún. Mo tilẹ̀ gùnfẹ̀. Wọ́n hó yèè.

Ibi tó burú jù nìyí. Ìyá Fàtímọ̀ ní, “Mo ti fura sí ọmọ mi lásán.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi abọ́ ọwọ́ rẹ̀ bu omi náà, ó ní òun ń bẹ̀ mí nìyẹn. Mo ń wò ó, ó mu ún tán.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti purọ́ pé dókítà ní kí n má jẹ fùfú mọ́. Ìyá gbà á gbọ́. Nínú ọ̀wọ́n yìí, ó ń se ìrẹsì lọ́tọ̀ fún mi! Òun ń jẹ fùfú rẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ rọ, kò lè di asẹ́ mú mọ́. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Oju Ore. Dókítà ní, “Ìyá, irú omi wo lẹ̀ ń lò?” Ìyá nàka sí mi: “Omi tó mọ́ ni. Ọmọ mi yìí mu ún níṣojú mi, ẹ wò ó bó ṣe le koko.” Dókítà kọ oògùn ibà fún un. Mo dúró níbẹ̀, mo di àpò rẹ̀ mú.

Mo ti gbìyànjú. Mo dìde láàárín agbo ilé, mo ní, “Ẹ má lo omi yẹn mọ́, májèlé ni, mo tàn yín jẹ ni.” Àmọ̀dá, tí a jọ ń gbé ilé náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Nùrẹ́nì tún ti dé! Erin ńkọ́?” Ìyá pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ mi ni ògiri tí mo mọ yí ara mi ká, n kò rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

Lánàá, kànga wa gbẹ. Mo rí Fàtímọ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó gbé garawa, ó kọrí sí odò. Ni mo bá jókòó kọ èyí.

Ìyá Fàtímọ̀, ìyá mi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà da fùfú yẹn nù, kí ẹ mú ìwé yìí lọ fún dókítà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi irọ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹ wo ibi tó gbé mi dé. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la, n ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ká tápólì, ẹ fi ọwọ́ ara yín mú ẹja kan nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ jù ú sínú ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹja kò mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe.