Màmá Kò Ṣí Fèrèsé Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Àgbàlagbà ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún méjì, ó sì ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ìyá arúgbó kan tó kú sínú ẹ̀sùn tí mo fi kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Irọ́ pípa ti mọ́ mi lára. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé mo gbé Jámánì rí, pé èmi ni mo ṣe fèrèsé ilé ọba kan níbẹ̀, débi pé bí yìnyín bá ń bọ́ níta, adìyẹ á máa làágùn nínú ilé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbéṣẹ́ fún mi. Mi ò kọjá Ìbàdàn rí.

Obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tíṣà ni, gba irọ́ náà gbọ́. Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní sìkúlà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí òtútù bá ti fẹ́ sí i, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọ́n á gbé e lọ sọ́sípítù. Ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Tíṣà ní kí n ṣe fèrèsé onígíláàsì méjì sí yàrá ọmọ náà, kí n sì di gbogbo àlàfo tó wà láàárín férémù àti ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ra fóòmù inú agolo tí wọ́n ń fín sí i.

Mi ò lo irú rẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n kọ sára agolo, ojú sì ń tì mí láti bèèrè. Nígbà tí mo tẹ orí rẹ̀, ó tú jáde, ó ń wú bí ẹ̀kọ tó ń hó, ó lẹ̀ mọ́ mi nírùngbọ̀n. Mo ju àwọn agolo yòókù sí ṣáláńgá. Bébà àpò sìmẹ́ńtì ni mo ká, tí mo kì bọ àlàfo náà. Mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lórí, mo kùn ún, ó dán. Mo tún sọ fún Tíṣà pé kò gbọdọ̀ fi aṣọ tàbí nǹkan kan dí i, kí afẹ́fẹ́ Jámánì tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì má baà bàjẹ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Òjò wọ inú bébà náà, ó jẹrà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ lanu. Tọ́pẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Wọ́n pè mí.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, atẹ́gùn sì fẹ́ lù mí lọ́wọ́, ó tutù bí omi kànga. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Tíṣà, atẹ́gùn ò lè gba ara iṣẹ́ mi kọjá. Ẹnìkan ló ń ṣí i."

Ìyá Tíṣà, tó ti Iwaraja wá tọ́jú ọmọ náà, ló ń bá a sùn. Ó sì ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ pé yàrá náà móoru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Màmá ní, "Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ bá mi níbi tí mo ti ń ṣí i ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ara àgbà ò gba ooru. A mọ̀."

Tíṣà wo ìyá rẹ̀. 

Kí ọyẹ́ tó lọ, Tọ́pẹ́ kú. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Tíṣà di ẹrù ìyá tó bí i, ó ní kí ó máa lọ sí Iwaraja, kí ó má pe òun lọ́mọ mọ́. Mo gbọ́. Mo dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti Iwaraja wá gé gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní Màmá ò lè dìde mọ́, pé ó ń ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ò wá. Ó ní Màmá ti wá ń bi àwọn èèyàn báyìí bóyá òun ṣí fèrèsé náà lójú oorun láìmọ̀.

 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ lóye jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sí Iwaraja, Màmá á gbọ́ òtítọ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n kò ní tíì rí ọmọ rẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá Tíṣà, ó lè má gbà mí gbọ́, àfi kí n fọ́ ògiri lójú rẹ̀. Bó bá sì gbà mí gbọ́, ó máa wá mọ ohun tó fi ojú ìyá rẹ̀ rí, èmi ni mo sì fà á.

Nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún?