Èmi Ni Mo Gbé Fíìmù Òkú Òyìnbó Yẹn Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi. Ìpàdé ẹbí oṣù tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní Agbamu, nígbà tí owó epo ṣì pọ̀ nílùú. Bọ̀dá Láńre, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó, kọ́lé sílé. Nígbà tó wá ṣí i, ó gbé ẹ̀rọ fídíò dání, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọ̀gá rẹ̀ yá a.

Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀! Òkú òyìnbó kan ló ń jáde nínú pósí láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Eyín ẹ̀ gùn, aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ ló wọ̀. Ó fẹ́ bu ọmọge kan jẹ lọ́rùn, ló bá tẹ aṣọ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣubú yakata. Ó tún gbé ẹnu lọ, ọmọge tó ti jẹ aáyù yó gùfẹ̀ sí i lójú, òkú bú sẹ́kún! A sá jáde, a tún sá wọlé. Ìyá bàbá mi ní kí wọ́n tún fi í hàn, kí òun lè tún bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mi ò lè gbà kí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Mo jí i, mo kì í bọ inú àpótí mi. Ẹ má bú mi. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé ẹ̀rọ ń padà sí Èkó, pé kò sí ohun tí màá fi wò ó. Etí ni mo ń gbé e sí, bóyá màá gbọ́ ẹkún òkú náà.

Àǹtí Bíntà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì, ló gbá pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni wọ́n pè lólè. Ó wò mí, ó ní, "Ọkọ mi Eyínafẹ́, ẹ bá mi wá a." Ẹ mọ̀ pé nílé tiwa, ọkọ ni gbogbo ọmọ ilé jẹ́ fún ìyàwó, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n bí lánàá. Ìyàwó kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Mo bá a wá a. Mo wo abẹ́ àga, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní báyìí, nǹkan ti le. Òrùlé Àǹtí Bíntà ń jò sórí àwọn ọmọ ẹ̀. Bọ̀dá Láńre sì ń wá ẹni tí yóò máa gbé ilé ẹ̀. A dárúkọ Àǹtí Bíntà, Bọ̀dá ní òun ò lè kó kọ́kọ́rọ́ fún olè. Níbi ìpàdé ẹbí yẹn ni yóò ti kó o fún ẹlòmíì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń fi fíìmù náà hàn ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Òmù-Àrán. Mo fa Àǹtí Bíntà lọ́wọ́ lọ. Ẹ̀rín pa wá, omi bọ́ lójú wa. Bí a ṣe jáde, mo fẹ́ jẹ́wọ́, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ mú un. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ tèmi ti bàjẹ́ tán, tiyín ò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀ ni, àbí kí n dìde níwájú gbogbo ẹbí? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.