Ènìyàn Méje, Ẹnu Kan

Irọ́ tí mo pa ní ọdún 2003 ti pẹ́ nínú mi jù. Kídìnrín mi ti ń kọṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé mo ṣì lẹ́nu láti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí ìjọba kó àwa tó ń wá ìsádi sí ní Dublin la wà nígbà náà. A fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bá wa bá ọ̀gá ilé sọ̀rọ̀, gbogbo ojú sì ń wo Adélàjà. Èmi Ládiípọ̀ kò fẹ́ ẹ. Ó ti fi mí ṣẹ̀sín rí lójú gbogbo ènìyàn: "Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n. Ìwé mẹ́fà ò lè ka lẹ́tà ìjọba!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dì í sínú. Ni mo bá ń lọ láti yàrá dé yàrá, mo sọ fún ènìyàn méje lọ́kọ̀ọ̀kan pé Adélàjà ń ṣe òfófó wa fún ìmígíréṣọ̀n. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Má jẹ́ kó jáde."

Nígbà tí a pé jọ, ẹnì kan ní, "Mo mọ ohun tí Adélàjà ń ṣe." Èkejì ní, "Háà, ìwọ náà mọ̀?" Ó di méje. Ìyá Mọ́pẹ́, tóun náà ń gbé ilé yẹn, nìkan ló béèrè pé, "Ta ló sọ fún yín?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ da àdéhùn. Èmi aláìlójútì, mo wolẹ̀. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má bá a da nǹkan pọ̀ mọ́.

Èyí kọ́ ló burú jù. Péjú, ìyàwó rẹ̀, bímọ lóṣù yẹn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo dúró lójú ọ̀nà kí n lè mọ ẹni tí yóò lọ. Ìyá Mọ́pẹ́ nìkan ló kọjá. Mo gbọ́ tí Adélàjà ń ṣe àmín sí àdúrà ara rẹ̀. Inú mi dùn. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn!

Ọkùnrin yìí kan náà, tí kò mọ̀ pé èmi ni, ló wá wáṣẹ́ fún mi nígbà tó yá ní ọgbà ilé-iṣẹ́ Grange Castle. Òun ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ báyìí, Péjú ló ń bu ọbẹ̀ ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́, ẹnu mi ò gbọpẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ènìyàn méje bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ bi kálukú léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bí a ṣe ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, tí a dé àdúgbò Mulhuddart, Adélàjà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń wádìí ara mi lórí ọ̀rọ̀ òfófó yẹn. Ènìyàn méje ò lè parọ́ pọ̀. Bóyá nǹkan kan bọ́ lẹ́nu mi lóòótọ́."

Mo ní kó dá ọkọ̀ dúró.

"Adélàjà, o ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ."