Ẹ́ńjìnnì Délé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Bà Jẹ́

Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn pé ẹ́ńjìnnì Délé jóná. Ìyá rẹ̀ tó ń tẹ̀pá rìn báyìí ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ajah. Kọ̀ǹpútà ni mo máa ń so mọ́ mọ́tò, tí màá fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè lágbára, kó má sì jẹ epo jù. Nígbà tí mo pàdé Délé, kò mọ̀ ju kó tú nọ́ọ̀tì lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé epo àti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ pò pọ̀ bó ṣe yẹ, kí pulọ́ọ̀gì sì ṣáná lásìkò. Ọdún mẹ́rin la fi fẹ́ra, àwọn òbí mi ti mọ̀ ọ́n. Àfi bó ṣe kó lọ sí Oniru, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, tó sì gbé ọmọ olówó kan láti VGC níyàwó! Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ tó ń sọ kiri nípa mi: "Obìnrin yẹn? Tọ́ọ̀ṣì lásán ló máa ń bá mi tàn tí mo bá ń ṣiṣẹ́." Èmi! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá bá mi láìtijú. Ó fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ yangàn níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ká a.

"Jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ tó tìẹ."

"Ó dáa, gbé e wọlé."

Mo dín epo kù, mo jẹ́ kí pulọ́ọ̀gì máa ṣáná ṣáájú àsìkò, mo sì pa ohun tó yẹ kó kìlọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ nọ́ọ̀kì, kó kú pátápátá. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ máa ta pọ́n-ún bí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ló ti ń yọ́. Délé wà á yípo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Iwájú àwọn oníbàárà ni mo fẹ́ kó ti tẹ́. Ta ló mọ̀ pé ó máa kọ́kọ́ fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Lakowe? Màmá tí kò yé pè mí ní ìyàwó wọn, kódà lẹ́yìn tí ọmọ wọn já mi jù sílẹ̀! Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà marosẹ̀, èéfín bo mọ́tò. Màmá rò pé iná ni, wọ́n bẹ́ jáde, wọ́n ṣubú sí gọ́tà, egungun ìbàdí wọn kán.

Ìròyìn kàn pé mẹkáníìkì tó ń tún tèèyàn ṣe ti jó tara rẹ̀. Àwọn oníbàárà sá, Délé ti ṣọ́ọ̀bù pa. Epo burúkú ló ní òun rà. Ṣé kí n káàánú rẹ̀ ni? Láéláé! Bó bá gbé òmíràn wá lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni màá tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí Màmá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, iṣẹ́ ọ̀tá ni. Mo ti tan àbẹ́là méje. Ọwọ́ tó ṣe é á rọ. Ṣàmín, ọmọ mi." Mo sì ṣàmín! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Màmá, Délé á gbọ́, á sì yọ̀ mí pé èmi náà tẹ́. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, ojú wo ni kí n tún fi wò wọ́n?