Àgbá Tí Mo Fi Sílẹ̀ Láìkún

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Ọdún keje nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Ohun tí ojú mi rí ní Ekpè lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ṣakété ni mí, Mùsùlùmí sì ni mí. Ní ọdún tí Daomé gba òmìnira, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà òyìnbó kan ní àdúgbò Ganhi ní Kútọnu. Inú àgbá onígi ni ọtí wáìnì ti ń wọlé, àwa la ó wá rọ ọ́ sínú ìgò. Èmi ni ọ̀gá fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí, nítorí ó mọ̀ pé n kò ní fẹnu kàn án. Pọ́ọ̀lù, Kírísítẹ́nì ọmọ Pobè, ló máa ń tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ rọ ọ́ sí ìgò. Àwa méjèèjì nìkan la ń wọ ibẹ̀.

Ọ̀gá kọ́ mi níṣẹ́ dáadáa. Igi àgbá a máa fa ọtí, ooru Kútọnu a sì máa gbé díẹ̀ lọ. Bí àyè bá ti ṣí lókè, afẹ́fẹ́ á bà á jẹ́, ọtí á di kíkan. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí n ṣí àgbá kọ̀ọ̀kan, kí n rọ ọtí kún un dé ẹnu, kí n sì dé e pa.

Ọjọ́ Jímọ̀ kẹ̀! Ọtí náà a máa ta sí mi láṣọ, èmi tí mo fẹ́ lọ kírun. Mo bá ń sún un síwájú. Mo ń sọ fún ọ̀gá pé mo ti ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa irọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ pé yóò burú tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò kúkú lè tọ́ ọ wò.

Lọ́jọ́ tí a ṣí àgbá, òórùn kíkan gba gbogbo yàrá. Pọ́ọ̀lù tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ọ̀gá yọjú wo inú àgbá, ó rí i pé ọtí ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó gbà pé mò ń kún un.

Ó ní, "Ta ló ń mu ún nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ta ni yóò fura sí Mùsùlùmí? Pọ́ọ̀lù búra títí. Mo wolẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e, orúkọ olè sì tẹ̀ lé e jáde. Kò tún ríṣẹ́ ṣe ní gbogbo Ganhi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ekpè, mo bá Pọ́ọ̀lù lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti ń ta àgbọn. Ó ti hewú. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó bẹ́ àgbọn kan fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "gbogbo wọn ló pè mí lólè. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi."

Mo gbé àgbọn náà sílẹ̀, mo ní mò ń kánjú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, orúkọ rẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó rò pé òun ní ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, á tún máa ròyìn mi ní rere fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n yà sọ́dọ̀ òun bí mo bá tún ń kọjá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún ń kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.