Fèrè Tí Ráfíù Kò Gbọ́ Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ara mi gan-an sì ti ń rí mi lára. Ǹ bá gbé e pa mọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wá sí ilé mi ní Igbein. Oore ló wá tọrọ lọ́wọ́ mi.

Panápaná ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Abẹ́òkúta níbí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá máa wọ inú èéfín gbọ́dọ̀ gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, kó sì fi ìbòjú rẹ̀ bo imú àti ẹnu. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti fẹ́ tán, fèrè kan tó wà lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún yáa jáde, kó má sì bọ́ ìbòjú títí yóò fi dé ìta. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ inú iná láìjẹ́ pé ó ti fi sìlíńdà yẹn mí níbi ẹ̀kọ́ títí fèrè fi ké sí i létí.

N kò jẹ́ kó ké fún ẹnikẹ́ni. Èkó là ń gbé sìlíńdà lọ kí wọ́n tó rọ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, bí ọmọ iṣẹ́ bá ti mí díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò wa, n ó ní kó bọ́ ọ, n ó sì fi ẹnu sọ ìyókù. N ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó gbọ́ fèrè, n ó buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tèmi náà ṣe fún mi. A ní à ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ lò ni, a tún ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́ Ráfíù, ebi ń pa mí. Mo ń kánjú lọ jẹun. N kò tilẹ̀ dárúkọ fèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé ìkẹ́rùsí fóòmù kan gbiná lọ́nà Papalanto. Ráfíù gbé okùn omi wọlé, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ fèrè rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Mo ní yóò jáde. Kò jáde. Nígbà tí a wọ́ ọ síta, ìbòjú ò sí lójú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ ní ọsibítù, ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan kàn ń ké mọ́ mi létí. Mo rò pé ìbòjú yẹn ló bàjẹ́, mo wá bọ́ ọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ráfíù, ṣé mi ò kọ́ ọ ni?"

Ó ní, "Ẹ kọ́ mi o, ọ̀gá. Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ má bínú sí mi."

Mo ní mo ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo dárí jì í! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń ṣe mí bíi kí n tutọ́ sí ara mi lójú. Nígbà tí àwọn àgbà ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ mi, mo fi ìwé tí mo buwọ́ lù hàn wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rù ló ba Ráfíù, pé kò tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò. Síbẹ̀, kò sí Iléyá tí kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sinmi kó tó gun òkè dé ilé mi. Fátímọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló mú un lọ́wọ́. Wọ́n ti gba ọmọ náà síṣẹ́ panápaná.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹ ṣe kọ́ mi," ni Ráfíù wí. "Orí tèmi ló gbàgbé. Tirẹ̀ jí pépé." Ọmọ náà kúnlẹ̀. Mo ní kò burú.

Ẹni tí yóò kọ́ Fátímọ̀ níbi iṣẹ́ báyìí, èmi náà ni mo kọ́ onítọ̀hún, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún? Ṣé àwọn ọ̀gá ni, àbí Ráfíù, tó ti ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyí bú orí ara rẹ̀? Ojú wo ni n ó fi wò ó? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń padà bọ̀, Fátímọ̀ sì ti ra ìwé tuntun tí yóò máa fi kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀.